Àpò béékìn páúdà olówó táṣẹ́rẹ́ tó di ogún ìdílé: ohun tí iṣẹ́ àwọn Oetker kọ́ mi

Kò sí àṣírí kankan nínú béékìn páúdà. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: béékìn sódà, ásíìdì kan tó gbẹ dáadáa, àti sítáàṣì tó ń pààlà sáàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n àti ajọ̀ lè pò ó nílé. Síbẹ̀, láti 1893 títí di òní, ìdílé kan ní ìlú Bielefeld ní Jámánì ń tà á, owó rẹ̀ sì gbé wọn dé ìdí ọkọ̀ òkun, ọtí bíà àti báńkì. Èmi tí mo ń fi fúláwà àti ófùn jẹun ti fara balẹ̀ wo ìtàn ìdílé Oetker yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí iṣẹ́ ń fi hàn mí, ó sì dá mi lójú pé ohun méjì ni wọ́n ń tà láti ìbẹ̀rẹ̀: ìwọ̀n tí kì í yẹ̀, àti ìyẹ̀fun tí omi kò tíì kàn. Ibi méjì yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù kéèkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, nítorí gbogbo ìtàn yòókù dá lé e lórí. Bí omi bá ti kan sódà àti ásíìdì pọ̀, afẹ́fẹ́ carbon dioxide á jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kì í dá ihò tirẹ̀ sílẹ̀ nínú kéèkì. Inú àwọn ihò wínníwínní tí a ti lù sínú bọ́tà àti ṣúgà, tàbí sínú ẹyin, ló ń wọ̀, tó sì ń fẹ̀ wọ́n. Ooru ófùn á wá mú kí ẹyin àti fúláwà le yí ihò náà ká kó tó wọlẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò lu bọ́tà àti ṣúgà rẹ̀ dáadáa kò ṣe lè fi béékìn páúdà tún un ṣe. Bó bá fi kún un, àwọn ihò díẹ̀ tó wà níbẹ̀ á tóbi jù, wọ́n á bẹ́, kéèkì á sì rì láàárín.

Oetker kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apoògùn kan wà tó ń jẹ́ Alfred Bird. Ẹyin kò bá Elizabeth ìyàwó rẹ̀ lára mu, bẹ́ẹ̀ ni yíìsì. Nítorí ẹyin, Bird pò kọ́sítáádì tí kò ní ẹyin nínú ní 1837. Nítorí yíìsì, ó pò béékìn páúdà ní 1843. Ìran kọ́sítáádì yẹn ni èyí tí àwa náà ń da omi híhó sí láàárọ̀, tí a ń fi àkàrà tì lẹ́yìn, nítorí náà ọwọ́ Bird ti dé ilé wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ lọ. Ásíìdì tó lò nínú béékìn páúdà rẹ̀ ni tartaric acid, èyí tó ń wá láti inú èso àjàrà. Ó mọ́ lẹ́nu, kì í fi adùn burúkú sílẹ̀, àmọ́ ó yára jù. Bí omi tútù bá ti kàn án báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹni tó ń po kéèkì gbọ́dọ̀ sáré gbé e sínú ófùn. Bó bá dúró kí ófùn gbóná, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù ti lọ. Bird kò gba ìwé àṣẹ pé òun nìkan ló ni ọgbọ́n náà. Ìdílé rẹ̀ di iṣẹ́ náà mú títí di 1947, wọ́n tà á fún General Foods ti Amẹ́ríkà.

Ẹnì kejì ni Eben Horsford, ará Amẹ́ríkà tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Justus von Liebig ní Giessen ní Jámánì, tó sì padà lọ di olùkọ́ ní Harvard. Ní 1856, ó gba ìwé àṣẹ lórí ásíìdì tó ń yọ láti inú egungun, monocalcium phosphate. Ohun tó mú kí èyí ṣe pàtàkì ni pé cream of tartar àti tartaric acid jẹ́ èérí ìsàlẹ̀ àgbá wáìnì. Ilẹ̀ tí kò bá ń ṣe wáìnì gbọ́dọ̀ rà á lọ́wọ́ ilẹ̀ tó ń ṣe é, ní iye tí ẹni yẹn bá dá lé e. Egungun wà níbi gbogbo.

August Oetker wá bọ́ sójú ọpọ́n lẹ́yìn gbogbo èyí. Wọ́n bí i ní 1862 ní ìlú Obernkirchen. Baba rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì, òun fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ apoògùn, ó sì gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Ní 1891, ó gba ilé ìtajà oògùn Aschoff ní Bielefeld, ó sì ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò nínú yàrá kékeré kan níbẹ̀. Mo gbà pé baba yẹn àti iṣẹ́ yẹn ló para pọ̀ di Oetker. Ọmọ ilé búrẹ́dì mọ ohun tó ń dun ẹni tó ń yan nǹkan. Apoògùn ní tirẹ̀ ti mọ̀ pé gíráàmù kan tó lé, gíráàmù kan tó dín, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tó ń mú kéèkì wú á lọ sílé oògùn, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún un láìsí orúkọ lára rẹ̀, ó di kó dé ilé kó fi ṣíbí méfò. Ọwọ́ ìyá kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ. Tòní á wú, tọ̀la á le bí òkúta, wọn á ní fúláwà ni kò dára. Oetker wọn ìyẹ̀fun náà tán fún un láti ilé oògùn: àpò ìwé pélébé kan, tí ohun inú rẹ̀ tó fún fúláwà ìdajì kílò, ní 10 Pfennig, owó ẹyọ Jámánì ìgbà náà. Ó sọ ọ́ ní Backin. Àpò kan, ìdajì kílò kan, ó parí. Àpò Backin ti òde òní jẹ́ gíráàmù 16 fún fúláwà gíráàmù 500, ìyẹn gíráàmù 3.2 fún gíráàmù 100 fúláwà. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ìwọ̀n tí mò ń fà yọ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, á sì tún padà wá nísàlẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò kọjá ni pé àpò kékeré yẹn yanjú ìṣòro kejì láìpariwo. Agolo béékìn páúdà tí a ṣí lónìí, a ó tún ṣí i lọ́la, a ó ṣí i lọ́tunla. Nígbà kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ tó ní omi nínú á wọlé, ṣíbí tí a fi bu nǹkan mìíràn á wọlé, ìyẹ̀fun náà á máa jà nínú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kò níí mọ̀. Àpò Oetker kò ní ọ̀la. Bí o bá ya á, o dà á tán sínú fúláwà, àpò tó kàn ṣì dì pa. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ náà mọ bí a ṣe ń pò ó. Òun ló wá ọ̀nà tí kò fi níí bàjẹ́ láàárín ilé iṣẹ́ àti abọ́ ìpòkéèkì.

Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ó ti ń ta Backin bọ̀ láti 1893, ó sì di 1903 kó tó béèrè ìwé àṣẹ. Ohun tó kọ sínú rẹ̀ ni ọ̀nà láti ṣe béékìn páúdà tó ń tọ́jọ́. Láàárín ìgbà náà, iṣẹ́ ti kúrò nínú yàrá ilé oògùn. Ní 1899, ó gba àmì tó ṣì wà lára àpò títí dòní, orí obìnrin funfun tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa. Ní 1900, ó kọ́ ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di 1906, àpò mílíọ̀nù 50 ló ti jáde. Gbogbo àpò náà ló ní ọ̀nà ìpòkéèkì lára, èyí tí wọ́n ti yan wò pẹ̀lú gíráàmù tó wà nínú àpò yẹn gan-an. Ìpolówó tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn nínú gbogbo iṣẹ́ wa: kí ẹni tó rà á ṣe ohun tí o kọ, kó sì rí i pé ó jáde bí o ṣe wí.

Ẹ jẹ́ kí n ya ìtàn ìdílé sọ́tọ̀ díẹ̀, kí n sọ bí a ṣe ń pò ó, nítorí ibẹ̀ ni ìwọ̀n ti ń fi ara rẹ̀ hàn.

Ásíìdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìyẹn iye gíráàmù sódà tí gíráàmù 100 rẹ̀ lè pa agbára rẹ̀ láìṣẹ́kù. Ti cream of tartar jẹ́ 45. Ti sodium acid pyrophosphate, tí wọ́n ń gé sí SAPP, tí wọ́n ń kọ ní E450 sára páálí ní Yúróòpù, jẹ́ 72. Ti monocalcium phosphate jẹ́ 80. Ti sodium aluminium sulphate, tí wọ́n ń gé sí SAS, jẹ́ 100. Mú iye sódà rẹ, fi nọ́ńbà yìí pín in, sọ ọ́ di ìlọ́po 100: iye ásíìdì nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ kílò kan béékìn páúdà oní-SAPP, màá wọn sódà gíráàmù 280, SAPP gíráàmù 390, àti sítáàṣì àgbàdo gíráàmù 330. Bó bá jẹ́ cream of tartar ni mo ní, á di sódà 250, cream of tartar 560, sítáàṣì 190. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè lo ṣíbí sódà kan, ṣíbí cream of tartar méjì, ṣíbí sítáàṣì kan, kó lò ó lọ́jọ́ náà, kó má tọ́jú rẹ̀.

Kí ló dé tí a kì í fi sódà kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ? Sódà gíráàmù 100 tó bá rí ásíìdì tó máa ń tú afẹ́fẹ́ tó tó gíráàmù 52 sílẹ̀. Sódà 280 nínú kílò kan á fún wa ní nǹkan bíi gíráàmù 146, ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin Amẹ́ríkà ní béékìn páúdà kò gbọ́dọ̀ tú ohun tó dín ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Ìdá méjì àti ààbọ̀ tó lé yẹn ni owó orí tí a ń san sílẹ̀ fún ohun tó máa sọnù nínú àpò kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń yan nǹkan. Sítáàṣì ló ń mú kí gbogbo àpò ní agbára kan náà, torí òun la fi ń dín agbára tó bá pọ̀ kù dé ìwọ̀n tí a fẹ́. Ẹni tó bá rò pé sítáàṣì jẹ́ àbùlà, pé wọ́n fi ń rẹ́ òun jẹ, kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ sítáàṣì náà lè di ọ̀tá. Sítáàṣì àgbàdo tí a rà lọ́jà ní omi nínú, ó lè tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, bó tilẹ̀ gbẹ lójú. Bí o bá pò ó mọ́ sódà àti ásíìdì bẹ́ẹ̀, o ti fi omi sínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń tún sítáàṣì gbẹ kí wọ́n tó lò ó. Nílé, tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, kó má nípọn ju ìka kan lọ, gbé e sínú ófùn tó gbóná dé ìwọ̀n 100 ti Celsius fún wákàtí kan ó kéré tán, máa rú u lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó o sì jẹ́ kó tutù nínú ohun tó ní ìdérí. Bó bá tutù síta gbangba, yóò tún fa omi tirẹ̀ padà. Má ṣe fi sódà sínú ooru bẹ́ẹ̀ láé. Bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 80, sódà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù, ohun tó máa ṣẹ́ kù jẹ́ sodium carbonate tó korò bí ọṣẹ.

Ìgbésẹ̀ pípo kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Jọ̀ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ajọ̀ tó dí. Po ásíìdì mọ́ sítáàṣì kọ́kọ́, kí sítáàṣì lè bo ásíìdì náà lára. Sódà ló máa wọlé kẹ́yìn. Jọ̀ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Fi abọ́ tó gbẹ ṣe é, pẹ̀lú ọwọ́ tó gbẹ. Ìgbà ọyẹ́ ni ìgbà tó dára jù nílẹ̀ wa fún iṣẹ́ yìí. Lákòókò òjò, ní Èkó tàbí ní ìlú etíkun mìíràn, màá gbà ẹ́ nímọ̀ràn kó o má pò ju èyí tí o máa lò láàárín ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Àṣìṣe rẹ̀ máa ń sọ ara rẹ̀ lójú kéèkì. Bí ásíìdì bá dín, sódà tó ṣẹ́ kù á pọ́n ara kéèkì ju bó ṣe yẹ lọ, inú á ní àwọ̀ ìyeyè, á máa ta lẹ́nu bí ọṣẹ. Bí ásíìdì bá lé, kéèkì á kan, ara rẹ̀ á funfun gbòò. Tóótòòtó àwọ̀ ilẹ̀ lára kéèkì túmọ̀ sí pé sódà kò jọ̀ dáadáa, ó wà ní kókó. Kéèkì tó wú sókè tó tún rì láàárín: béékìn páúdà ti pọ̀ jù, tàbí wọ́n ṣí ófùn kí àárín tó le. Kéèkì tó wúwo, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dì: ó lè jẹ́ pé agbára ti lọ, tàbí pé pípò pẹ́ jù lẹ́yìn tí omi ti kàn án. Ti ìkẹyìn yìí ló fà á tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi monocalcium phosphate sí i kó hó nínú abọ́, wọ́n tún fi SAS sí i kó dúró de ooru. Backin òde òní jẹ́ SAPP, sódà àti sítáàṣì àgbàdo, inú ófùn ló ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ fún kéèkì tí a ń pò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí agolo kẹrin lè dúró de ófùn. Ahọ́n tó mọ̀ ọ́n á gbọ́ adùn irin díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí kéèkì kò bá ní nǹkan tó lágbára nínú, bíi fàníílà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́. Fún kéèkì bọ́tà lásán, cream of tartar ló mọ́ jù.

Ó yẹ kí n padà sí ìdílé náà, nítorí ọ̀rọ̀ ásíìdì kàn wọ́n. Rudolf, ọmọ August Oetker tó yẹ kó jogún iṣẹ́, kú sójú ogun ní Verdun ní 1916. Ida ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́dún yẹn kan náà, Rudolf-August. Bàbá àgbà kú ní 1918. Ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ọmọ ọwọ́ ló ni ín. Ida fẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, Richard Kaselowsky, òun ló sì bá ọmọ náà di iṣẹ́ mú láti 1920. Ó mọ iṣẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ra ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Budenheim ní 1923, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe phosphate. Ẹni tó ń ta béékìn páúdà ti di ẹni tó ń ṣe ásíìdì rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ìdílé yìí rà, èyí ni mo rí pé ó ní làákàyè jù. Sódà kò wọ́n, sítáàṣì kò wọ́n. Ásíìdì ni owó wà, òun náà ló ń sọ bóyá àpò tòní á dọ́gba pẹ̀lú tàná. Bí ẹni tó ń ta ásíìdì fún ọ bá yí bó ṣe lọ̀ ọ́ kúnná padà, kéèkì oníbàárà rẹ á yí padà, ìwọ ni wọ́n á bú.

Kaselowsky yìí kan náà wọ Nazi, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, ní 1933, ó sì wà lára àwọn olówó tó ń dáwó fún Heinrich Himmler, ọ̀gá àwọn SS, ẹ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ náà. Bọ́ǹbù pa òun àti Ida nílé wọn ní Bielefeld ní oṣù kẹsàn-án 1944. Rudolf-August, tó ti wọ Waffen-SS, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn SS yẹn, ló gba ipò. Ní gbogbo ayé rẹ̀, ó kọ̀ kí wọ́n tú ọ̀rọ̀ yìí wò. Lẹ́yìn tó kú ní 2007 ni àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí àwọn onímọ̀ ìtàn wá ṣí àkọsílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì jáde ní 2013. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn Backin kó fo èyí. Orúkọ tí àwọn obìnrin Jámánì gbẹ́kẹ̀ lé nínú ilé ìdáná wọn ni owó yẹn ti jáde.

Lábẹ́ Rudolf-August ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Hamburg Süd ti di tiwọn pátápátá ní 1955, wọ́n sì tà á fún Maersk, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Denmark, ní 2017. Ọmọ mẹ́jọ ló bí, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́ta. Àwọn tó ń gbé nínú ilé olórogún nílẹ̀ wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń já sí. Wọ́n pín in ní 2021. Àwọn ọmọ ìyàwó méjì àkọ́kọ́ mú oúnjẹ àti bíà, ìyẹn ni pé Backin àti orúkọ náà wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn mẹ́ta tí ìyá ìkẹyìn bí mú àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, Budenheim sì wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ásíìdì àti àpò béékìn páúdà tó ti wà lábẹ́ òrùlé kan fún ọdún tó sún mọ́ 100 ti di ti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé ìròyìn tó gbé ìpín náà ń sọ iye owó. Ojú mi wà lára ásíìdì.

Ìdílé Hulman ti ìlú Terre Haute, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Oníṣòwò oúnjẹ ni wọ́n láti 1850, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta béékìn páúdà tí wọ́n pè ní Clabber ní 1899, orúkọ náà di Clabber Girl ní 1923. Tony Hulman, tó gba iṣẹ́ ní 1931, ló fi ìpolówó gbé e káàkiri Amẹ́ríkà, ó sì ra pápá eré ọkọ̀ Indianapolis ní 1945. Agolo ni wọ́n ń tà, oríṣi tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2019, wọ́n ta Clabber Girl fún B&G Foods ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 80 dọ́là. Iṣẹ́ tó dára ni, àmọ́ ìdílé kò sí nídìí rẹ̀ mọ́.

Èyí tó kàn wá jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò kéèkì máa ń ra béékìn páúdà nínú àpò ńlá, wọ́n á wá bù ú sínú ọ̀rá tín-ínrín, wọ́n á ta kókó sí i lẹ́nu. Ó rọ oníbàárà lọ́rùn, n kò ní kí wọ́n má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tín-ínrín kì í dá omi inú afẹ́fẹ́ dúró títí, kókó ẹnu rẹ̀ kì í sì dí pátápátá. Lásìkò òjò, ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí àtẹ. Fọwọ́ tẹ ọ̀rá náà kó o tó sanwó. Bí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ bá ń ṣàn bí erùpẹ̀ gbígbẹ, ó ṣì ṣeé ṣe. Bó bá di kókó, tí kókó náà kò sì tú nígbà tí o fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, dá a padà. Bí ọ̀rá bá wú bíi pé wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú kéèkì rẹ lo ń wò yẹn.

Ẹni tó ń ta á gan-an lè ṣe é dáadáa láìná owó púpọ̀. Kó ra òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì. Kó wọn gíráàmù 16, kó fi sínú ọ̀rá tó nípọn tí a fi ooru lẹ̀ lẹ́nu, kó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó tó fún fúláwà ìdajì kílò, kó sì kọ oṣù tó bù ú. Oníbàárà kò níí fi kóńgò tàbí ìkúùkù méfò mọ́. Èmi náà ń bù ú bẹ́ẹ̀ fún lílò ara mi: ọ̀rá oní-gíráàmù 16, gbogbo wọn nínú ìgò kan tó ní ìdérí líle, jìnnà sí orí sítóòfù, torí ooru omi ọbẹ̀ ń dé ibi tí ojú kò rí. N kì í gbé e sínú fíríìjì. Nígbà tí a bá gbé e jáde, omi máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun tó tutù, ibẹ̀ ló ti ń wọlé.

Bí ó bá jẹ́ ṣíbí lo ní, ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4. Ṣíbí mẹ́rin fún ìdajì kílò nìyẹn, ó bá àpò Bielefeld mu. Ṣíbí tó ga bí òkìtì lè tó ìlọ́po méjì, ohun tó ń ba kéèkì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ jẹ́ nìyẹn ju fúláwà lọ. Bí wàrà kíkan, yógọ́ọ̀tì tàbí omi ọsàn bá wà nínú ohun tí o ń pò, ásíìdì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fi béékìn sódà gíráàmù 2 rọ́pò gíráàmù 8 nínú béékìn páúdà, kó o jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́ kù wà bó ṣe wà.

Kó o tó lo èyí tó ti pẹ́ nílé, bu ṣíbí tíì kan sínú ife, da omi tó gbóná gan-an lé e, ìdajì ife. Omi tútù kò tó fún èyí tó bá jẹ́ SAPP tàbí SAS, ó lè tàn ọ́ pé ó ti kú nígbà tí kò kú. Èyí tó dára á hó gidigidi lójú ẹsẹ̀, ìfóòfó rẹ̀ á gòkè. Bó bá hó díẹ̀ tó sì dákẹ́, má sọ pé wàá fi ṣíbí kejì kún un kó lè tó. Afẹ́fẹ́ ti lọ lára rẹ̀, àmọ́ iyọ̀ tí sódà àti ásíìdì fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé ṣì wà níbẹ̀ pátá, ìlọ́po méjì rẹ̀ lo sì máa kó sínú kéèkì. Á máa ta lẹ́nu, kò sì níí wú. Dà á nù, kó o ra èyí tó dì pa.